Omi Inú Ara Ènìyàn

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ará sọ ní Tishigu, ìlú Tamale, ní ilẹ̀ Gánà

Àwọn tí ó ṣètò ìpàdé yìí ní kí a sọ̀rọ̀ lórí iṣẹ́ ìyanu tí ó wà nínú ara ènìyàn. Iṣẹ́ náà pọ̀ ju ohun tí ẹnu kan lè sọ tán lọ. Bí a bá ní kí a sọ ti ojú, ilẹ̀ yóò ṣú; bí a bá ní kí a sọ ti etí, ilẹ̀ yóò mọ́. Nítorí náà ohun kan ṣoṣo ni a óò mú, èyíinì ni omi tí ó wà nínú ara wa: bí ara ti ń ná an, bí ó ti ń ṣọ́ ọ, àti ohun tí ó fi sílẹ̀ fún wa láti ṣe. A mú un nítorí pé ní ìlú tí a wà yìí, ọ̀rọ̀ omi ara jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyè àti ikú, pàápàá fún àwọn ọmọ wa kéékèèké.

Bí a bá rí ènìyàn tí ó dúró ṣánṣán, tí a sì fọwọ́ kan egungun rẹ̀ tí ó le, a lè rò pé ohun gbígbẹ ni. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Nínú ìwọ̀n ara àgbàlagbà ọkùnrin, bí ìdá 60 nínú ìdá 100 ni ó jẹ́ omi. Ti ọmọ tuntun ju bẹ́ẹ̀ lọ; ó tó bí ìdá 75 nínú 100. Ọkùnrin tí ó wọn kílò 70 ń gbé omi tí ó tó nǹkan bí lítà 42 kiri, garawa ńlá méjì ni ìyẹn, kò sì mọ̀ pé òun ru ẹrù. Omi yìí wà nínú ẹ̀jẹ̀, ó wà nínú ẹran ara, ó wà nínú ọpọlọ, kódà ó wà nínú egungun. Ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lára àgbàlagbà tó bíi lítà 5, ọkàn sì ń lù ní nǹkan bí ìgbà 100,000 lójúmọ́ láti máa tì í kiri gbogbo ara. Bí a sùn, ó ń ṣiṣẹ́. Bí a jí, ó ń ṣiṣẹ́. Kò mọ ọjọ́ ìsinmi.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí ara ti ń ná omi yìí. Ìwọ̀n ooru inú ara ẹni tí ara rẹ̀ dá jẹ́ nǹkan bí 37 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ì báà wà nínú òtútù Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ì báà wà ní Tishigu níbí, nǹkan bí 37 náà ni. Bí ó bá gòkè kọjá 40, ọpọlọ lè bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú, bí a kò bá sì tètè mú un sọ̀kalẹ̀, ikú lè dé. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo yín mọ̀ pé ní oṣù Kẹta àti oṣù Kẹrin, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ooru ọ̀sán ní Tamale máa ń súnmọ́ 40, ó sì máa ń kan án nígbà mìíràn. Èyí fi hàn pé afẹ́fẹ́ ìta a máa gbóná ju ara wa lọ. Báwo wá ni ara ṣe ń tutù nígbà tí ohun gbogbo tí ó yí i ká ń gbóná?

Ìdáhùn rẹ̀ wà ní igun ilé àwọn ìyá wa. Ẹ wo àmù tí a fi amọ̀ mọ. Omi inú rẹ̀ a máa tutù láàárín ọ̀gbẹlẹ̀, láìsí yìnyín, láìsí iná mànàmáná. Ohun tí ó fà á ni pé omi díẹ̀díẹ̀ ń gba ara amọ̀ náà yọ síta. Afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Bí ó sì ti ń lọ, ó ń kó ooru lọ pẹ̀lú ara rẹ̀, èyí tí ó kù nínú àmù a sì tutù. Garawa oníke kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí pé kò ní ibi tí omi lè gbà yọ. Bí àmù ni Ẹlẹ́dàá ṣe dá wa. Ihò òógùn tí ó wà lára ènìyàn kan tó mílíọ̀nù 2 sí mílíọ̀nù 4. Nígbà tí ooru bá mú, iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ó wà lábẹ́ awọ a gbòòrò, ẹ̀jẹ̀ a gbé ooru láti inú wá sí ìta, òógùn a yọ, afẹ́fẹ́ a sì gbé e lọ. Ooru tí lítà òógùn kan ń kó lọ bí ó bá gbẹ tán lára wa pọ̀ tó èyí tí a lè fi sè lítà omi 7 títí yóò fi hó. Ẹ̀rọ atútù kan kò sí tí ó dákẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n owó ni a fi ń ra ọjà. Ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ líle nínú oòrùn lè pàdánù omi tí ó tó lítà kan láàárín wákàtí kan. Ìyàtọ̀ kan sì wà tí ó yẹ kí àwa tí a ti ilé wá mọ̀. Ní Èkó àti ní etí òkun gbogbo, afẹ́fẹ́ kún fún omi, nítorí náà òógùn kì í tètè gbẹ. A máa ṣàn sílẹ̀, ẹ̀wù a rin gbingbin, olúwarẹ̀ a sì mọ̀ pé òun làágùn. Ní Tamale níbí, láti ìgbà ọyẹ́ títí di àkókò tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀, afẹ́fẹ́ gbẹ tó bẹ́ẹ̀ tí òógùn fi ń gbẹ bí ó ti ń yọ. Ẹ̀wù kò rin, ojú kò tutù, ènìyàn a sì rò pé omi kò jáde lára òun. Ẹ wo etí fìlà ẹni tí ó ti ibi iṣẹ́ dé, ẹ ó rí ìlà funfun kan níbẹ̀. Iyọ̀ ni. Omi tí ó gbé iyọ̀ náà jáde ti lọ, kò sì dágbére fún ẹnikẹ́ni.

Ara tún ní ọgbọ́n mìíràn. Bí àjèjì tí kò mọ irú ooru yìí bá dé, ní ọjọ́ àkọ́kọ́ a máa rẹ̀ ẹ́, orí a máa fọ́ ọ, òógùn rẹ̀ a sì máa kó iyọ̀ púpọ̀ jáde. Ṣùgbọ́n láàárín nǹkan bí ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 14, ara rẹ̀ yóò ti kọ́ ẹ̀kọ́. Òógùn yóò tètè máa yọ, yóò pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, iyọ̀ tí ó wà nínú rẹ̀ yóò sì dínkù, nítorí pé ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í gba iyọ̀ náà padà kí ó tó jáde. Àwọn bàbá wa tí wọ́n ti Ògbómọ̀ṣọ́, Ṣakí, Ìgbòho, Ọ̀fà àti Ìlọrin wá ṣòwò ní ìlú yìí, kí àṣẹ ìjọba Busia ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn padà sílé, wọn kò mọ orúkọ ohun tí ara wọn ń ṣe, ṣùgbọ́n ara wọn mọ̀ ọ́n ṣe. Nítorí náà, bí àlejò bá ti ọ̀nà jíjìn dé bá wa ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ jẹ́ kí ó rí òjìji àti omi kí a tó bi í léèrè ìròyìn ilé, kí a má sì gbé iṣẹ́ líle lé e lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

A ti rí bí ara ṣe ń ná omi. Ta ni ó wá ń ṣọ́ èyí tí ó kù? Ní ìsàlẹ̀ ọpọlọ, ibì kan wà tí kò tóbi ju bí èkùrọ́ lọ. Iṣẹ́ ibẹ̀ ni láti máa tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò nígbà gbogbo, bí ìyá ti ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Bí omi ẹ̀jẹ̀ bá dínkù tí iyọ̀ rẹ̀ sì ga díẹ̀, àní bí ó jẹ́ 1 tàbí 2 péré nínú 100, yóò ti mọ̀. Ohun méjì ni yóò ṣe. Ìkíní, yóò rán òùngbẹ sí wa. Ìkejì, yóò gba inú ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí kíndìnrín pé kí ó má jẹ́ kí omi ṣòfò.

Kíndìnrín méjì ni a ní, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju bí ìkúùkù lọ, wọ́n sì fi ara ti ẹ̀yìn wa ní ìsàlẹ̀ ìhà. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, asẹ́ kéékèèké tí ojú lásán kò lè rí tó nǹkan bíi mílíọ̀nù kan. Omi tí wọ́n ń sẹ́ láti inú ẹ̀jẹ̀ lójúmọ́ tó bíi lítà 180, garawa mẹ́sàn-án tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gba lítà 20. Bí gbogbo rẹ̀ bá ń jáde, kí ni ì bá kù nínú wa? Ṣùgbọ́n bíi lítà kan àbọ̀ péré ni ó ń jáde gẹ́gẹ́ bí ìtọ̀. Nínú gbogbo 100 tí wọ́n sẹ́, wọ́n dá bíi 99 padà sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì kó ìdọ̀tí sínú èyí tí ó kù kí a lè tú u dànù. Bí omi ara bá dínkù, wọ́n a tún fún ọwọ́ mọ́ ọn sí i, ìtọ̀ a sì dínkù, àwọ̀ rẹ̀ a sì dúdú. Ìdí nìyí tí ẹnikẹ́ni nínú wa fi lè yẹ ara rẹ̀ wò láìlọ sọ́dọ̀ dókítà. Bí ìtọ̀ bá mọ́ tí ó sì ràn díẹ̀, omi tó. Bí ó bá dúdú bíi tíì tí a kò fi mílíkì sí, ara ń ké pè wá.

Gbogbo ìṣọ́ yìí ni ara ń ṣe láìbéèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa. Ohun kan ni kò lè ṣe: kò lè dá omi sílẹ̀ níbi tí omi kò sí. Ọpọlọ lè rán òùngbẹ, ṣùgbọ́n òùngbẹ kò lè rìn dé ìdí àmù. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tiwa ti bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀dọ́ tí ó ní ẹsẹ̀ tí ó sì ní ẹnu, iṣẹ́ náà rọrùn. Fún arúgbó, kò rọrùn bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ọjọ́ orí ti ń ga ni òùngbẹ ń dínkù. Bàbá àgbà lè jókòó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ nínú ooru oṣù Kẹrin kí ó má sì béèrè omi. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tí yóò béèrè. Ẹ bu omi, ẹ kúnlẹ̀, ẹ gbé e fún un. Fún ọmọ ọwọ́ ẹ̀wẹ̀, kò ní ẹsẹ̀, kò sì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ti ọmọ ọwọ́ yìí ni a fẹ́ sọ kí a tó jókòó.

Àkọ́kọ́, ẹ̀yin ìyá, ọmọ tí kò tí ì pé oṣù mẹ́fà kò nílò omi mìíràn yàtọ̀ sí ọmú, àní ní Tamale pàápàá, àní nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ohun tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ń kọ́ni nìyí. Nínú ìdá 100 omi ọmú, ó lé ní 85 tí ó jẹ́ omi gan-an, omi tí kò ní ìdọ̀tí, tí kò sì ní kòkòrò àrùn inú kànga. Bí ooru bá mú, kí ọmọ máa mu ọmú léraléra, kí ìyá sì máa mu omi. Omi tàbí àgbo tí a bá rọ sí i lẹ́nu yóò gba àyè ọmú nínú ikùn rẹ̀, ó sì lè gbé àrùn wọlé.

Ìkejì ni ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ gbuuru. Èrò kan wà láàárín wa láti ayé àwọn ìyá àgbà, pé bí ọmọ bá ń ṣu omi, kí a má fún un ní omi mọ́, kí ikùn lè gbẹ. Èrò náà dùn létí, ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ̀pọ̀ abiyamọ di ẹni tí ń sunkún. Ìgbẹ́ náà kì í sábà pa ọmọ fúnra rẹ̀. Omi àti iyọ̀ tí ó bá a jáde, tí a kò sì dá padà, ni ó ń pa á.

Ẹ wo bí ìfun ti ń ṣiṣẹ́. Lójúmọ́, omi tí ń wọ inú ìfun àgbàlagbà tó bíi lítà 8 tàbí 9: èyí tí ó mu, àti èyí tí ó pọ̀ jù, tí ara fúnra rẹ̀ ń tú sínú oúnjẹ láti lọ̀ ọ́. Ìfun ń fà á padà tó bẹ́ẹ̀ tí kì í ju bí ìdajì ife kékeré lọ tí ń bá ìgbẹ́ jáde. Bí àrùn bá wọlé, pàápàá àrùn onígbáméjì, májèlé rẹ̀ a mú kí ìfun máa tú omi àti iyọ̀ jáde dípò kí ó máa fà á wọlé. Omi lásán tí a bá fún aláìsàn a máa kọjá lọ. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn kan wà lára ìfun tí àrùn náà kì í lè tì. Ilẹ̀kùn náà kì í ṣí fún iyọ̀ nìkan, kì í sì í ṣí fún ṣúgà nìkan. Ìgbà tí àwọn méjèèjì bá jọ dé ni ó ń ṣí, bí wọ́n bá sì ti wọlé, omi a tẹ̀ lé wọn.

Onímọ̀ ará Amẹ́ríkà kan, Robert Crane, ni ó ṣàlàyé ilẹ̀kùn yìí ní ìlú Prague ní ọdún 1960. Ní ọdún 1971, nígbà tí ogun lé ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn láti Bangladesh wọ ilẹ̀ Íńdíà, onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àgọ́ wọn ní Bangaon, omi abẹ́rẹ́ sì tán. Dókítà Dilip Mahalanabis pàṣẹ pé kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, kí wọ́n sì kọ́ àwọn ará ilé aláìsàn láti máa fún wọn mu. Níbi tí bí ènìyàn 30 nínú 100 ti ń kú tẹ́lẹ̀, àwọn tí ó ń kú kò tó 4 nínú 100 mọ́. Iyọ̀, ṣúgà àti omi ni, ohun tí ó wà nínú ilé ìdáná gbogbo wa.

Bí ẹ bá rí ìdì ORS gbà ní ilé ìwòsàn tàbí ní ilé oògùn, òun ni ó dára jù. Bí kò bá sí, ẹ wọn lítà kan omi tí ó mọ́. Ẹ fi ṣúgà sí i, ṣíbí tíì 6 tí a gé orí rẹ̀ dọ́gba. Ẹ fi iyọ̀ sí i, ìdajì ṣíbí tíì kan péré. Ẹ pò ó títí yóò fi yòrò. Ẹ má ṣe fi iyọ̀ kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé iyọ̀ àpọ̀jù lè ṣe ọmọ ní jàǹbá. Ẹ máa fi ṣíbí bù ú fún ọmọ díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí ó bá ṣu. Bí ó bá bì, ẹ dúró bí ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú sùúrù. Ẹ má ṣe gba ọmú lẹ́nu rẹ̀, ẹ má sì fi oúnjẹ dù ú. Èyí tí ó bá kù di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù.

Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Ẹ máa ṣọ́ ọmọ náà. Bí ojú rẹ̀ bá jìn wọnú, bí àwùjẹ̀ rẹ̀ bá rì, bí ó bá ń sunkún tí omijé kò jáde, bí a bá fi ọwọ́ fa awọ ikùn rẹ̀ tí kò tètè padà sípò, omi ara rẹ̀ ti lọ jìnnà. Bí kò bá lè mu mọ́, bí ó bá ń tòògbé láìdáhùn, bí ohun gbogbo tí ó mu bá ń padà jáde, tàbí bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ì báà jẹ́ òru.

Àwa jẹ́ ìjọ tí ó máa ń gbàdúrà sórí omi, a kò sì tijú rẹ̀. Ẹ gbàdúrà sórí omi náà. Lẹ́yìn àmín, ẹ fi iyọ̀ àti ṣúgà sí i ní ìwọ̀n tí a sọ, kí ẹ sì jẹ́ kí ó dé ẹnu ọmọ. Ẹni tí ó dá omi ni ó dá ilẹ̀kùn tí ó wà nínú ìfun. Kò sí ìjà láàárín àwọn méjèèjì.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan, èyíinì ni pé kí omi tí a ń mu mọ́. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ wà níhìn-ín rántí sòbìà, aràn gígùn tí ń ti ẹsẹ̀ ènìyàn yọ. Ní ọdún 1989, àwọn tí a kà ní Gánà pé ó ń bá jà lé ní 170,000, àríwá tí a wà yìí sì wà lára àwọn ibi tí ó ti le jù. Kò sí oògùn tí ń pa á, kò sí abẹ́rẹ́ tí ń dènà rẹ̀. Aṣọ asẹ́ tí a fi ń sẹ́ omi, kànga ẹ̀rọ, àti kíkọ̀ fún ẹni tí aràn ń yọ lẹ́sẹ̀ rẹ̀ láti wọ inú odò ni a fi ṣẹ́gun rẹ̀. Láti ọdún 2010 ni kò ti sí ẹni tí ó mú mọ́, ní oṣù Kìíní ọdún 2015 Àjọ Ìlera Àgbáyé sì jẹ́rìí sí i pé Gánà ti bọ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 2014, nígbà tí sòbìà ti lọ, onígbáméjì kọlu ènìyàn tí ó lé ní 28,000 ní orílẹ̀-èdè kan náà, ó sì pa ju 200 lọ. Ẹ bo àmù yín. Ẹ má ṣe ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ẹ tó fún ọmọ lóúnjẹ.

Ẹ̀yin ará, ara tí a fi fún wa ń sẹ́ garawa omi mẹ́sàn-án lójúmọ́ láìgba owó ọ̀yà. Ó ń tu ara rẹ̀ lára bí àmù, ó ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò bí ìyá tí ń se ọbẹ̀, ó sì dá ilẹ̀kùn kan sí fún ọjọ́ ìpọ́njú. Èyí tí ó fi sílẹ̀ fún wa kò ju kí a bu omi tí ó mọ́ kí a sì gbé e dé ẹnu ẹni tí kò lè bù ú fúnra rẹ̀. Kí ọmọ kankan má ṣe kú nínú ilé wa nítorí ife omi tí a fi dù ú. Kí Ọlọ́run fún wa ní ọgbọ́n láti ṣe tiwa. Àmín.